Àwẹ̀ Oṣù Karùn-ún: Ẹ̀kọ́ Nípa Bí Àwọn Júù Ti Ń Ṣọ̀fọ̀

Ẹ̀kọ́ wa ní oṣù yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé Sekaráyà, orí keje. A bẹ olùkàwé kí ó ṣí Bíbélì rẹ̀, kí ó sì ka orí náà àti èyí tí ó tẹ̀ lé e kí ó tó bá wa lọ síwájú, nítorí pé a kò ní tún wọn kọ síhìn-ín.

Ní ọdún kẹrin ìjọba Dáríúsì, tí í ṣe ọdún 518 kí a tó bí Olúwa wa, àwọn ará Bẹ́tẹ́lì rán oníṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àlùfáà àti àwọn wòlíì ní Jerúsálẹ́mù láti bèèrè ohun kan. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó tún yẹ kí àwọn máa sọkún kí àwọn sì máa gbààwẹ̀ ní oṣù karùn-ún, bí àwọn ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Oṣù karùn-ún ni àwọn ọmọ ogun Nebukadinésárì ọba Bábílónì sun Tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì ní ọdún 586, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì ti ń fi ẹkún rántí rẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí a ń sọ yìí, a ti mú àwọn ìgbèkùn padà wá sí ilẹ̀ wọn, Tẹ́ḿpìlì mìíràn sì ń ga sókè lójú wọn. Bí a bá ti ń kọ́ ilé tuntun, ó ha tún yẹ kí a máa sunkún ilé tí ó jóná bí?

Ọlọ́run kò wí fún wọn pé kí wọ́n máa gbààwẹ̀ lọ, kò sì wí fún wọn pé kí wọ́n ṣíwọ́. Ó bi wọ́n léèrè ní tirẹ̀ pé, ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbààwẹ̀, ta ni wọ́n ń gbà á fún? Lẹ́yìn náà ni ó yí ọ̀rọ̀ sí ibi tí wọn kò fojú sí: sí ìdájọ́ òtítọ́, sí opó, sí ọmọ aláìníbaba, sí àlejò àti sí tálákà. Nígbà tí a dé orí kẹjọ ni a tó gbọ́ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwẹ̀ wọ̀nyí yóò di ọjọ́ ayọ̀. Àwọn oníṣẹ́ náà wá bèèrè nípa àṣà, wọ́n sì gbé ìbéèrè nípa ìwà lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà nídìí ọ̀fọ̀ àwọn Júù láti ìgbà náà títí di òní. Wọ́n jẹ́ ènìyàn tí ó ti sọkún púpọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ láti so ẹkún wọn pọ̀ mọ́ bíbi ara wọn léèrè: Kí ni àwa ṣe? Ta ni ó dákẹ́ láàárín wa nígbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀? Ohun rere ni ìbéèrè yìí, ohun tí ó léwu sì ni pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i. Nítorí pé ohun tí ènìyàn lè bi ara rẹ̀ nínú omijé, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn lè lọ bi í lẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀fọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwẹ̀ yìí ni ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ábù, tí í máa bọ́ sí oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ nínú kàlẹ́ńdà tiwa. Tẹ́ḿpìlì kejì, èyí tí Olúwa wa fi ẹsẹ̀ tẹ̀, jóná ní oṣù kan náà ní ọdún 70 lẹ́yìn ìbí rẹ̀, nígbà tí Titus, ọmọ Késárì Vespasian, fi ogun kó Jerúsálẹ́mù. Ìwé tí àwọn Júù ń pè ní Mishnah, èyí tí a kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, wí pé ohun márùn-ún ni ó bá àwọn bàbá wọn ní ọjọ́ náà: pé ọjọ́ náà ni a ti pàṣẹ ní aginjù pé ìran tí ó ti Éjíbítì jáde kì yóò wọ ilẹ̀ ìlérí, pé ọjọ́ náà ni Tẹ́ḿpìlì méjèèjì parun, pé ọjọ́ náà ni àwọn ará Róòmù kó Betar, ìlú olódi wọn ìkẹyìn, ní ọdún 135, àti pé ọjọ́ náà ni a fi ohun ìtúlẹ̀ tú Jerúsálẹ́mù bí oko. A kò ní dúró jiyàn lórí ọjọ́. Ẹni tí ó bá fi ìwé Àwọn Ọba Kejì wé ìwé Jeremáyà yóò rí i pé wọn kò tilẹ̀ dárúkọ ọjọ́ kan náà fún jíjóná Tẹ́ḿpìlì àkọ́kọ́. Ohun tí àwọn olùkọ́ Júù ṣe ni pé wọ́n kó ìbànújẹ́ wọn jọ sí ojú kan, kí gbogbo ọdún má bàa di ọjọ́ ọ̀fọ̀.

Àwẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, kì í sì í parí títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi ṣú. Wọn kì í jẹ, wọn kì í mu, wọn kì í wẹ̀, wọn kì í fi òróró pa ara, wọn kì í wọ bàtà aláwọ, ọkọ àti aya kì í sì í súnmọ́ ara wọn. Nínú sínágọ́gù, a ó dín fìtílà kù, àwọn ènìyàn a sì jókòó sílẹ̀ tàbí lórí àpótí kúkurú. Ẹnìkan kì í kí ẹnìkejì. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé a kò gbà wọ́n láyè láti kẹ́kọ̀ọ́ nínú Òfin Mósè ní ọjọ́ náà bí wọ́n ti ń ṣe ní ọjọ́ gbogbo, nítorí pé Òfin náà ń mú ọkàn yọ̀. Ìwé Jóòbù, Ẹkún Jeremáyà, àti irú ìwé ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ rò ó wò: àwọn ènìyàn tí kíka Ìwé Mímọ́ dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ ọ̀fọ̀, bí a ti ń gba ẹran lẹ́nu ẹni tí ó ń gbààwẹ̀! Bí a bá pa irú òfin bẹ́ẹ̀ láàárín wa, mélòó nínú wa ni yóò kà á sí ìyà?

Ìwé tí a ń kà ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Ẹkún Jeremáyà, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí bí a ti ṣe é, nítorí pé kò rọrùn láti rí i nínú ìtumọ̀. Orí kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹrin ní ẹsẹ 22 lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé lẹ́tà 22 ni ó wà nínú ábídí àwọn Hébérù. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kìn-ín-ní, lẹ́tà kejì ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kejì, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Orí kẹta ní ẹsẹ 66, mẹ́ta fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Orí karùn-ún ní ẹsẹ 22 pẹ̀lú, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ètò lẹ́tà náà tú ká. Àwọn Rábì wí pé a ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí pé Ísírẹ́lì ti ṣẹ̀ láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé orí ìkẹyìn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn bàbá wa wí pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹni tí ó kọ ìwé yìí ti rí ìyàn, ó ti rí ọmọdé tí ń kú ní ìgboro, síbẹ̀ ó jókòó, ó sì to ẹkún rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń to lẹ́tà sórí síléètì. Ẹkún tí a fi lẹ́tà wọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Nígbà tí lẹ́tà bá tán, ẹnu yóò pa dé. Nígbà tí ó sì rẹ̀ ẹ́ jù láti to lẹ́tà mọ́ ní orí karùn-ún, kò jẹ́ kí iye ẹsẹ náà yẹ̀.

Ẹsẹ ìkẹyìn ìwé náà korò púpọ̀. Nítorí náà, nígbà tí òǹkàwé bá kà á tán nínú sínágọ́gù, ìjọ a tún padà sí ẹsẹ tí ó ṣáájú rẹ̀, èyí tí í ṣe àdúrà fún ìyípadà, kí ó má bàa jẹ́ pé orí ìkọ̀sílẹ̀ ni a dákẹ́ sí.

Nígbà tí Tẹ́ḿpìlì kejì wó, ìṣòro ńlá bá ìsìn wọn. Níbo ni a ó ti rú ẹbọ? Kí ni yóò wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù? Ìtàn tí ó wà nínú Talmud sọ pé nígbà tí àwọn ará Róòmù ṣì yí ìlú ká, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Rábì Yohanan ben Zakkai gbé e jáde nínú pósí bí ẹni gbé òkú, nítorí pé àwọn jagunjagun inú ìlú kò jẹ́ kí alààyè kankan jáde. Ó dé ọ̀dọ̀ Vespasian, ohun tí ó sì tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Yavneh, pẹ̀lú àwọn amòye tí ó wà níbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n tún ìsìn wọn tò láìsí pẹpẹ. A tún sọ pé ní ọjọ́ kan, òun àti Rábì Joshua ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lẹ́bàá àwókù Tẹ́ḿpìlì, Joshua sì ké pé ibi tí a ti ń ṣe ètùtù ẹ̀ṣẹ̀ ti di ahoro. Ọ̀gá rẹ̀ tù ú nínú pé ètùtù mìíràn kù fún wọn tí ó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, èyíinì ni iṣẹ́ àánú. Ó sì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ wòlíì Hóséà, orí kẹfà, ẹsẹ kẹfà, èyí tí Olúwa wa pẹ̀lú tọ́ka sí nígbà tí àwọn Farisí bá a wí.

Joshua yìí gba ẹ̀kọ́ náà, ó sì di ẹni tí ń tu àwọn ẹlòmíràn nínú. Lẹ́yìn ìparun náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé àwọn kì yóò jẹ ẹran mọ́, àwọn kì yóò sì mu wáìnì. Ó bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, àwọn yóò ha jẹ ẹran tí a ti ń fi rúbọ lórí pẹpẹ tí kò sí mọ́? Àwọn yóò ha mu wáìnì tí a ti ń tú sílẹ̀ níbẹ̀? Ó ní, bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kí wọ́n má ṣe jẹ àkàrà mọ́, nítorí pé ọrẹ ohun jíjẹ ti dópin. Wọ́n ní èso igi tó àwọn. Ó ní èso ńkọ́, nígbà tí kò sí ọrẹ àkọ́so mọ́? Wọ́n ní àwọn yóò mú òmíràn. Ó ní, kí wọ́n má ṣe mu omi, nítorí pé a ti ń tú omi sílẹ̀ níwájú pẹpẹ ní àjọ̀dún àgọ́. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Nígbà náà ni ó wí fún wọn jẹ́jẹ́ pé kò ṣeé ṣe kí a má ṣọ̀fọ̀ rárá, kò sì ṣeé ṣe kí a ṣọ̀fọ̀ jù, nítorí pé a kì í gbé òfin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè rù ka ìjọ lórí. Kí ọkùnrin rẹ́ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi ibi kékeré kan sílẹ̀ láìrẹ́. Kí ó se àsè, ṣùgbọ́n kí ohun kékeré kan ṣe aláìsí níbẹ̀. Kí obìnrin ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, kí ó sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí a kò rẹ́ náà, àwọn tí ó dé lẹ́yìn wí pé kí ó jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ kan níbùú àti lóròó, kí ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tí ń wọlé lè rí i.

Ìwọ̀n yìí kan náà ni wọ́n fi lélẹ̀ fún ẹni tí òkú kú fún. Ọjọ́ méje ni ó fi jókòó sílé, lẹ́yìn tí ó ti fa aṣọ rẹ̀ ya. Àwọn aládùúgbò ni yóò gbé oúnjẹ àkọ́kọ́ wá fún un, nítorí pé kò gbọdọ̀ jẹ ti ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá kí i gbọdọ̀ dákẹ́ títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ti ṣe fún ọjọ́ méje. (Ibẹ̀ ni wọ́n ṣe dáradára mọ, nígbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.) Títí di ọgbọ̀n ọjọ́ ni kò ní gé irun. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kú yóò máa ka àdúrà tí à ń pè ní Kaddish fún oṣù mọ́kànlá. Àdúrà yìí kò dárúkọ ikú, kò sì dárúkọ òkú. Ìyìn orúkọ Ọlọ́run ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnìkan kò sì gbọdọ̀ dá a kà láìsí àwọn mẹ́wàá nínú ìjọ. Nítorí náà, ọ̀fọ̀ fúnra rẹ̀ ń fa ọlọ́fọ̀ jáde kúrò nínú yàrá wá sí àárín àwọn ènìyàn.

Talmud tún ròyìn pé ní ìgbà kan, ìnáwó òkú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ni ìdílé lára ju ikú fúnra rẹ̀ lọ, títí àwọn mìíràn fi ń pa òkú tì, tí wọ́n sì ń sá lọ. Rábì Gamaliel, olórí ńlá, pàṣẹ pé aṣọ ọ̀gbọ̀ lásán ni kí a fi sin òun. Láti ọjọ́ tí a ti sin olówó bí tálákà, ojú kò ti tálákà mọ́. A kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí gún ẹnikẹ́ni lójú. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ó ti ta ilẹ̀ nítorí òkú rí kò nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Wàyí o, kí ni ó fà á tí Jerúsálẹ́mù fi ṣubú? Àwọn òpìtàn ní ìdáhùn tiwọn. Ní ọdún 66, Gessius Florus, gómìnà tí Róòmù fi jẹ lórí wọn, kó tálẹ́ńtì 17 nínú ìṣúra Tẹ́ḿpìlì, ìlú sì dìde sí i. Ogun dé, ogun náà sì borí wọn. Ìdáhùn yìí tọ́. Ṣùgbọ́n àwọn Rábì kò fi Róòmù ṣe ìdáhùn. Wọ́n wí pé Tẹ́ḿpìlì àkọ́kọ́ parun nítorí ìbọ̀rìṣà, àgbèrè àti ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbà Tẹ́ḿpìlì kejì, àwọn ènìyàn ń kẹ́kọ̀ọ́ Òfin, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ rere, kí ni ó wá pa á run? Wọ́n ní, ìkórìíra láìnídìí ni. Wọ́n sì sọ ìtàn kan láti fi hàn.

Ọkùnrin kan wà ní Jerúsálẹ́mù tí ó ní ọ̀rẹ́ kan tí ń jẹ́ Kamsa àti ọ̀tá kan tí ń jẹ́ Bar Kamsa. Ó se àsè, ó sì rán ìránṣẹ́ rẹ̀ láti lọ pe Kamsa. Ìránṣẹ́ náà ṣì í gbọ́, ó pe Bar Kamsa. Nígbà tí onílé dé, tí ó bá ọ̀tá rẹ̀ ní ìjókòó láàárín àwọn àlejò, ó ní kí ó dìde kí ó jáde. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé níwọ̀n bí òun ti wá ná, kí ó jẹ́ kí òun jókòó, òun yóò san owó ohun tí òun bá jẹ àti ohun tí òun bá mu. Onílé kọ̀. Ó ní òun yóò san ìdajì owó àsè náà. Onílé kọ̀. Ó ní òun yóò san gbogbo rẹ̀. Onílé dì í lọ́wọ́ mú, ó sì tì í síta. Àwọn Rábì wà ní ìjókòó, wọ́n ń wò, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì la ẹnu. Àwa Yorùbá wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjọ́ náà, àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Bar Kamsa wí nínú ara rẹ̀ pé, bí àwọn Rábì ti jókòó tí wọn kò sì bá a wí, a jẹ́ pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó lọ bá Késárì, ó ní àwọn Júù ti ṣọ̀tẹ̀; bí ó bá fẹ́ mọ̀ dájú, kí ó fi ẹran ránṣẹ́ sí wọn láti fi rúbọ. Késárì fi ọmọ màlúù kan rán an. Ní ojú ọ̀nà, ó dá àbùkù sí ẹran náà lára, ní ibi tí àwọn Júù kà sí àbùkù ṣùgbọ́n tí àwọn ará Róòmù kò kà sí nǹkan. Àwọn Rábì fẹ́ fi rúbọ nítorí àlàáfíà, ṣùgbọ́n Rábì Sekaráyà ọmọ Avkulas kọ̀, ó ní àwọn ènìyàn yóò wí pé ẹran alábùkù yẹ fún pẹpẹ. Wọ́n tún rò ó pé kí a pa Bar Kamsa kí ó má bàa lọ ròyìn. Ó kọ èyí náà, ó ní a ó wí pé ikú ni ìjìyà ẹni tí ó dá àbùkù sí ẹran ẹbọ. Wọn kò ṣe èyí, wọn kò ṣe tọ̀hún, ogun sì dé.

Ẹ kíyèsí i pé ìtàn yìí kò dá ẹnikẹ́ni láre. Onílé ṣẹ̀, ẹni tí a tì jáde ṣẹ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn tí ń sọ ìtàn náà tẹjú mọ́ ni àwọn olùkọ́, tí í ṣe àwọn fúnra wọn, nítorí ẹnu tí a pa mọ́ níbi àsè, àti nítorí ìṣọ́ra jù lẹ́nu òfin. A lè wí pé ọ̀rọ̀ àsè kan kéré jù láti wó ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Josephus, Júù tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ogun náà, àti Talmud pẹ̀lú, jẹ́rìí sí i pé nígbà tí ọ̀tá wà lẹ́yìn odi, ẹgbẹ́ ológun inú ìlú ń bá ara wọn jà, wọ́n sì dáná sun àká oúnjẹ tí ì bá gba ìlú lọ́wọ́ ìyàn. Ẹ̀kọ́ kan wà láàárín wọn pé gbogbo Ísírẹ́lì jẹ́ onígbọ̀wọ́ fún ara wọn: ẹni tí ó lè dá arákùnrin rẹ̀ lẹ́kun tí kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti pín nínú gbèsè rẹ̀. Nínú àdúrà àjọ̀dún wọn, wọ́n ń jẹ́wọ́ títí di òní pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ni ó lé àwọn kúrò ní ilẹ̀ àwọn.

Ibí yìí ni kí àwa Kristẹni ti rọra. Ọ̀rọ̀ tí Júù sọ sí ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ nínú òkùnkùn sínágọ́gù, àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di òkò. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn oníwàásù fi kọ́ni pé ìyà tí ń jẹ àwọn Júù tọ́ sí wọn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe káàánú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1096, àwọn ológun tí wọ́n ran àmì àgbélébùú mọ́ aṣọ, tí wọ́n wí pé àwọn ń lọ gba Ibojì Olúwa, kọ lu àwọn Júù ní Speyer, Worms àti Mainz lẹ́bàá odò Rhine ní ilẹ̀ Jámánì. Bíṣọ́ọ̀bù Speyer dáàbò bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tirẹ̀. Kí a rántí rẹ̀ sí rere. Ní Worms àti ní Mainz, àwọn tí ó sá sínú ààfin bíṣọ́ọ̀bù kò rí ààbò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí fi ọwọ́ ara wọn pa àwọn ọmọ wọn kí a má bàa fi ipá ṣe ìrìbọmi fún wọn.

Kí ni àwọn tí ó ṣẹ́kù wí? Wọ́n wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tó irú ìyà bẹ́ẹ̀, wọn kò rí i. Àwọn ìjọ mẹ́ta yìí ni ó kún fún ẹ̀kọ́ àti ìwà mímọ́ jù ní ilẹ̀ náà. Nítorí náà, àwọn akọ̀wé wọn yí ọ̀rọ̀ padà: wọ́n fi òkú wọn wé Ísáákì lórí òkè Móráyà, wọ́n sì wí pé a yan ìran náà nítorí pé ó lágbára láti ru ẹrù náà ni. Ẹni tí ó kọ orin arò fún wọn wí pé a kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ ọ̀fọ̀ tuntun kún ti àtijọ́, nítorí náà ni a ṣe ń sọkún Speyer, Worms àti Mainz ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ábù pẹ̀lú Tẹ́ḿpìlì.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1222, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Oxford pàṣẹ pé kí àwọn Júù máa lẹ àmì mọ́ aṣọ wọn, kí wọ́n má sì kọ́ sínágọ́gù tuntun. Ní ọdún 1290, Ọba Edward Kìn-ín-ní lé gbogbo wọn kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ábù ni àwọn Júù ka ọjọ́ àṣẹ náà sí. Ó tó ọdún 1656 kí a tó tún gbà wọ́n láyè níbẹ̀. Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, tí í ṣe ìyá Ìjọ Áńgílíkà tiwa, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 2019 tí ó fi jẹ́wọ́ pé ẹ̀kọ́ àwọn Kristẹni ti ran ìkórìíra yìí lọ́wọ́; ní ọdún 2022, a sì ṣe ìsìn ìrònúpìwàdà ní kàtídírà Oxford nítorí ìpàdé ọdún 1222. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n a ṣe é. Ẹ̀kọ́ Bar Kamsa kò yọ ẹ̀ka ìjọ kankan sílẹ̀.

Ó ku ọkùnrin kan tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ mọ̀, nítorí pé olùkọ́ ni òun pẹ̀lú. Rábì Kalonymus Kalman Shapira ti Piaseczno, nítòsí Warsaw ní ilẹ̀ Pólándì, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Warsaw ní ọdún 1923, ó sì tẹ ìwé kan jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1932, tí ó kọ́kọ́ fi bá àwọn olùkọ́ àti òbí sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, nígbà tí àwọn ará Jámánì ju bọ́m̀bù sí Warsaw, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo gba ọgbẹ́, ó sì kú. Ìyàwó ọmọ náà kú pẹ̀lú. Kò dákẹ́. Ó ń wàásù fún àwọn tí a sé mọ́ inú ìlú náà láti Ọjọ́ Ìsinmi dé Ọjọ́ Ìsinmi títí di oṣù keje ọdún 1942, ó sì ń kọ ìwàásù náà sílẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀, pé ìyà ń pe ènìyàn sí ìrònúpìwàdà. Bí ìyàn àti àìsàn ti ń pa àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yípadà. Ní ọdún 1942, ó kọ́ wọn pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń sọkún nínú iyẹ̀wù ìkọ̀kọ̀, níbi tí ayé kò ti lè gbọ́, nítorí pé bí ayé bá gbọ́ ẹkún náà, kò ní lè dúró. Àti pé ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ fún Òfin lè wọ ibẹ̀ kí ó sì bá a sọkún. Kò tún sọ pé kí wọ́n wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fa èyí.

Ní àjọ̀dún Hanukkah ọdún 1941, ó ti bá àwọn kan wí nínú ìjọ rẹ̀ tí ìgbàgbọ́ wọn mì, ó sì wí pé irú ìyà bẹ́ẹ̀ ti jẹ Ísírẹ́lì rí, àwọn baba wọn kò sì ṣubú. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 1942, tí í ṣe ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ábù, àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn Júù Warsaw lọ sí Treblinka láti pa wọ́n. Láàárín oṣù méjì, wọ́n kó nǹkan bí 265,000. Ní ìparí ọdún náà, Rábì Shapira mú ìwé ìwàásù rẹ̀ jáde, ó sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí abẹ́ ìwàásù Hanukkah náà: pé ohun tí òun sọ nígbà náà tọ́ títí di ìgbà náà, ṣùgbọ́n pé irú èyí tí ó wá dé lẹ́yìn rẹ̀ kò tí ì sí rí. Kò fa ìwàásù náà ya. Kò sì jẹ́ kí ó dúró láìṣe àtúnṣe, kí ẹni tí yóò kà á lọ́la má bàa rò pé olùkọ́ náà ti rí ìdáhùn. Ó ri ìwé náà mọ́lẹ̀. A pa á ní ọdún 1943. Àwọn òṣìṣẹ́ rí ìwé náà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ogun, a sì tẹ̀ ẹ́ ní Jerúsálẹ́mù ní ọdún 1960.

Nínú nǹkan bí 6,000,000 Júù tí a pa láàárín ọdún 1939 sí 1945, ó ju 1,000,000 tí ó jẹ́ ọmọdé. Àwọn Rábì kan wà tí wọ́n wí lẹ́yìn náà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ó fà á, ọ̀kan sì ń nawọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ èkejì. Àwọn mìíràn, bí Rábì Eliezer Berkovits, kọ̀ pátápátá, wọ́n wí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí òkú ọmọdé jẹ́ ọ̀rọ̀ òdì. Mo gbà pẹ̀lú Berkovits. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí pé kí ni ó kù nínú ẹ̀kọ́ Bar Kamsa bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi yóò ní kí ó tún ìtàn náà kà, kí ó sì wo ẹni tí ń sọ ọ́ àti ẹni tí ó ń sọ ọ́ sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ábù, àwọn tí ó ti jókòó sílẹ̀ láti alẹ́ àná a dìde, wọ́n a jókòó lórí àga. Ìtàn àtijọ́ kan wà láàárín wọn pé ní ọjọ́ yìí gan-an ni a bí Mèsáyà. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ilé, àwọn obìnrin a mú ìgbálẹ̀, wọ́n a sì gbá ilé mọ́ nígbà tí oòrùn kò tí ì wọ̀ tí àwẹ̀ kò sì tí ì tú, bí àwọn tí ń retí àlejò.